Ẹnu Páìpù: Bí Ohùn Ṣe Ń Há Sínú Ihò Tó Sì Ń Di Orin

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọmọ SS àtàwọn òbí wọn sọ ní Ìlọrin nìyí. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo kọ ọ́, mo kàn dín àwàdà kù díẹ̀ ni.

Àsàláàmù àlékùn o. Ẹ káàárọ̀ sà, ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin tíṣà ẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ọmọ SS tí wọ́n fipá gbé wá síbí ní Sátidé tó yẹ kẹ́ ẹ máa sùn, mo kí gbogbo yín. Ìlọrin Àfọ̀njá, ẹnu dùn juyọ̀! Ìlú tó jẹ́ pé ẹnu ni wọ́n fi ń kì í, téèyàn bá wá sọ̀rọ̀ ẹnu níbẹ̀, ṣé ó ṣì í? Kò ṣì í. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni mo bá wá lónìí, àmọ́ ẹnu páìpù ni o.

Ẹ wo èyí tó wà lọ́wọ́ mi. Páìpù omi lásán ni, àjákù tí púlọ́ḿbà gé dànù. Ìdajì mítà ni gígùn ẹ̀, ihò ẹ̀ já síta lọ́tùn-ún lósì, ẹ lè fi yọjú wò mí. Mo fẹ́ fi sílípáàsì gbá a lẹ́nu. Ẹ gbọ́ àkọ́kọ́, mo gbá a, mo yára yọ sílípáàsì kúrò. Ẹ gbọ́ ọ? Ẹ jẹ́ n tún un ṣe, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí tí mo bá ti gbá a, màá jẹ́ kí sílípáàsì jókòó lórí ẹnu ẹ̀. Ẹ gbọ́ yẹn náà? Páìpù kan náà, sílípáàsì kan náà, ọwọ́ kan náà, àmọ́ èkejì rẹlẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọrin nínú kúáyà ti mọ̀ pé dò sí dò ni àlàfo wọn. Kí ló yí padà? Ẹnu ló yí padà. Ẹnu kan ṣí, ẹnu kan dí. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ láàárọ̀ yìí ò ju ìyẹn lọ, màá kàn máa lù ú lójú kan ni, torí alágbẹ̀dẹ tó bá ń lurin lójú kan, ó lóhun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ìrìn ohùn kúrò lọ́nà, kò gùn. Tí mo bá gbá ẹnu páìpù, afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀ á fún pọ̀, á ti èyí tó tẹ̀lé e, èyíinì náà á ti ti iwájú ẹ̀. Afẹ́fẹ́ fúnra ẹ̀ ò lọ síbì kankan, ó kàn mì díẹ̀ ó padà sáyè ẹ̀, ìfúnpọ̀ yẹn ló ń rìn. Ó sì ń sáré o. Tí ooru bá wà ní 0 lórí tẹmọ́mítà, mítà 331 ló ń sá láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, bí ooru bá sì ṣe ń fi ọ̀kan lé ọ̀kan ló ń fi nǹkan bíi ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá mítà kún un. Níbí tí ooru ti máa ń tó 30, ẹ jẹ́ ká mú un ní 349. Iná mọ̀nàmọ́ná sá ju ìyẹn lọ fíìfíì, àmọ́ kò sí mọ́tò tó máa bá ohùn dọ́gba lójú ọ̀nà Ajàṣẹ́-Ìpo.

Ó dáa. Ìfúnpọ̀ yẹn ti dé òpin páìpù. Kí ló máa ṣẹlẹ̀?

Tí òpin páìpù bá dí, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ó gbá ògiri, ó padà. Kò sẹ́ni tó máa bá mi jiyàn. Àmọ́ tí òpin yẹn bá ṣí sílẹ̀ gbayawu ń kọ́? Ẹ dá mi lóhùn. Mo gbọ́ yín, ẹ ní ó máa jáde lọ. Ṣebí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, kí ló tún máa dúró ṣe? Ìdáhùn tí gbogbo kíláàsì máa ń fún mi nìyẹn, kò sì burú, àmọ́ tó bá rí bẹ́ẹ̀ ni, kò ní sí fèrè láyé. Tí ohùn bá kàn jáde lọ, páìpù á ṣe pọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà gbọ́ ọ pẹ̀lú etí yín, ó dún ní ohùn kan pàtó. Ohùn kan pàtó túmọ̀ sí pé nǹkan ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń lọ, ó ń bọ̀, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ta ló wá dá a padà ní ẹnu ọ̀nà tí kò sí ilẹ̀kùn?

Ibí yìí gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwé máa ń fò kọjá, wọ́n á ní «ó padà» wọ́n á sì yà á sórí pátákó.

Ẹ rántí bó ṣe máa ń rí tá a bá kírun Yídì tán, tí èrò ń gba ọ̀nà tóóró láàárín ògiri méjì jáde sí títì. Nínú ọ̀nà yẹn, èjìká ń gbá èjìká, ẹ̀yìn ń ti iwájú, iwájú náà ń ti ẹ̀yìn padà, kò síbi tí ẹnikẹ́ni fẹ́ yà sí. Ẹni tó bá dé ẹnu títì ń kọ́? Kò sẹ́ni tó dì í lọ́nà mọ́, èjìká tó ń gbá ti kúrò, ẹ̀ẹ̀kan náà ló máa ta síwájú bí ẹni tí wọ́n tì. Ó ta jìnnà ju bó ṣe rò lọ, àlàfo sì ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Ẹni tó tẹ̀lé e á ta síwájú bọ́ sínú àlàfo yẹn, àlàfo tuntun á ṣí lẹ́yìn òun náà, ti ẹ̀yìn ẹ̀ á tún bọ́ síbẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa: èèyàn ń lọ síwájú, àmọ́ àlàfo ń rìn padà sẹ́yìn, títí á fi dé ìdí ọ̀nà lọ́hùn-ún.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Ògiri páìpù ló ká afẹ́fẹ́ mọ́, ìyẹn ló jẹ́ kó lè fún pọ̀. Tí ìfúnpọ̀ bá dé ẹnu tó ṣí, kò sí ògiri mọ́, afẹ́fẹ́ ta síta, ó ta kọjá bó ṣe yẹ, ó fi àlàfo sílẹ̀ lẹ́yìn, àlàfo yẹn ló ń sáré padà wọ inú páìpù. Ohun tó lọ gẹ́gẹ́ bí ìfúnpọ̀ padà wálé gẹ́gẹ́ bí àlàfo. Ní òpin tó dí, kò sí ìyípadà bẹ́ẹ̀, ìfúnpọ̀ lọ, ìfúnpọ̀ bọ̀.

Ẹnu tó ṣí ń yí i padà, ẹnu tó dí ò yí i padà. Ẹ sọ ọ́ tẹ̀lé mi. Ẹnu tó ṣí ń yí i padà, ẹnu tó dí ò yí i padà. Ó ṣeun.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká padà sórí páìpù mi ká kà á. Nígbà tí mo yára yọ sílípáàsì, ẹnu méjèèjì ṣí. Ìfúnpọ̀ gbéra níbí, ó dé ọ̀hún, ó di àlàfo, ó padà dé ọ̀dọ̀ mi, ó tún di ìfúnpọ̀. Àlọ kan àbọ̀ kan, ó ti padà sí bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ìdajì mítà lọ́nà méjì, mítà kan. Tó bá ń sá mítà 349 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ẹ̀ẹ̀melòó ló máa ṣe é? Ìgbà 349. Ohùn tí ẹ gbọ́ nìyẹn. Ó wá kan ìgbà tí sílípáàsì jókòó. Ìfúnpọ̀ gbéra, ó dé ẹnu tó ṣí, ó di àlàfo, ó padà, ó gbá sílípáàsì, sílípáàsì ò yí i padà, àlàfo náà ló ṣì jẹ́, ó tún lọ sí ẹnu tó ṣí, ibẹ̀ ló ti tó di ìfúnpọ̀, ó wá padà wálé. Ẹ kà á, ìrìn mẹ́rin! Mítà méjì kó tó parí ìyípo kan. Nítorí náà ìlàjì ló máa rí ṣe, nǹkan bíi 174 sí 175. Dò sí dò tí kúáyà gbọ́ lẹ́ẹ̀kan nìyẹn.

Púlọ́ḿbà kan wà tí mo mọ̀ ní Táńkẹ̀, kò kàwé fíísíìsì rárá. Tí wọ́n bá ní páìpù gígùn kan dí, àtẹ́lẹwọ́ ló máa kọ́kọ́ gbá a lẹ́nu kó tó mú nǹkan kan jáde nínú àpò iṣẹ́. Á ní «eléyìí ṣí» tàbí «eléyìí dí, kò tiẹ̀ jìnnà síbí». Mo bi í pé báwo ló ṣe mọ̀, ó ní páìpù tó dí máa ń kùn nínú. Ẹ ò rí i? Ìrìn mẹ́rin dípò méjì ló ń gbọ́ yẹn. Tó bá sì jẹ́ pé nítòsí ló ti dí, ìrìn á kúrú, ohùn á lọ sókè. Àwọn ẹnjiníà ní ẹ̀rọ tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, wọ́n á ta ohùn sínú páìpù wọ́n á sì máa ka ohun tó padà wá.

Ọ̀rọ̀ kejì, ìfúnpọ̀ àti àlàfo tó ń rìn yẹn ni wọ́n ń pè ní ìgbì, kí wá ni wọ́n ń pè ní ìgbì tó dúró? Àbí ẹ ò ní bi mí, ẹni tó ń sáré 349, báwo ló ṣe dúró? Kò dúró níbì kankan. Èyí tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ ń kọjá ara wọn nínú páìpù, ó wá ní àwọn ojú ibì kan tí wọ́n ti ń pa agbára ara wọn, tí ọ̀kan bá ti afẹ́fẹ́ sọ́tùn-ún èkejì á tì í sósì, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ò ní mira. Ojú ibòmíì sì wà tí àwọn méjèèjì ti ń gbè ara wọn, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ á máa jó kíkankíkan. Àwọn ojú ibí yìí kì í sún kúrò. Tíṣà yín ń pe ibi tí kò mira ní node, ibi tó ń jó ní antinode. Níbi tí páìpù bá ti dí, node ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, ṣé afẹ́fẹ́ máa wọnú ògiri ni? Níbi tó bá ṣí, antinode. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ wo ẹnu méjèèjì kẹ́ ẹ tó sọ ohun tí páìpù máa dún.

Ìdí tí páìpù tó ṣí lẹ́nu méjèèjì fi lè dún ní iye ìgbà tá a kà lẹ́ẹ̀kan yẹn, ìyẹn ọ̀kan, ní ìlọ́po ẹ̀ méjì, ní ìlọ́po mẹ́ta, ní mẹ́rin nìyẹn, tí èyí tó dí lẹ́nu kan sì jẹ́ pé ọ̀kan, mẹ́ta, márùn-ún, méje nìkan ló mọ̀. Èjì ò sí lọ́dọ̀ ẹ̀, torí iye tó bá pín sí méjì á fẹ́ kí ẹnu méjèèjì rí bákan náà, tiẹ̀ ò sì rí bákan náà.

Ṣé ẹ lè fojú rí i? Ẹ lè rí i dáadáa. Lọ́dún 1866, ọmọ Jámánì kan tó ń jẹ́ August Kundt da ìyẹ̀fun kíkúnná sínú páìpù onígíláàsì, ó jẹ́ kí ohùn dún sínú ẹ̀. Ìyẹ̀fun kóra jọ ní òkìtì òkìtì níbi tí afẹ́fẹ́ ò ti mira, àlàfo òkìtì kan sí èkejì sì jẹ́ ìlàjì gígùn ìgbì, ìyẹn ibi tí ohùn ń sá dé láàárín ìyípo kan. Rúlà lásán lèèyàn fi máa wọ̀n ọ́n. Ọmọ Jámánì míì, Heinrich Rubens, tún fi gáàsì àti iná ṣe tiẹ̀ ní 1905, iná ń ga ó ń kúrú lórí páìpù bí ohùn ṣe wí. Ẹ má lọ dán ti gáàsì wò nílé o, mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ gbọ́ mi.

Ẹ̀yin ọmọ WAEC, tiyín rèé. Inú lábù, tuning fork 512, ìyẹn irin tó rí bíi fọ́ọ̀kì tó ń mì nígbà 512 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, páìpù tí wọ́n rì sínú omi, ẹ ó máa fà á sókè títí ohùn á fi ta sí yín létí lójijì. Ojú omi ni ẹnu tó dí, òkè ni ẹnu tó ṣí. Akẹ́kọ̀ọ́ kan bi mí nígbà kan pé sà, ṣé omi ló ń dún? Gbogbo kíláàsì fi í ṣẹ̀sín, àmọ́ ìbéèrè gidi ni, torí kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ilẹ̀kùn tó ṣeé sún ni omi yẹn, kò níṣẹ́ míì. Tí ooru bá jẹ́ 30, gígùn ìgbì á jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 68 ó lé díẹ̀, ìdá mẹ́rin ẹ̀ jẹ́ 17. Ẹ ó wá wọ̀n ọ́n, ẹ ó rí 16 péré. Ẹ má jí nọ́ńbà kọ! Ẹ rántí pé afẹ́fẹ́ tó ń jáde lẹ́nu páìpù ń ta kọjá ẹnu díẹ̀ kó tó yí padà, tó bí ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá ìlàjì ìbú ihò ẹ̀. Páìpù tí ihò ẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 3, nǹkan bíi 0.9 ló máa jẹ níbẹ̀. Ẹ tún fà á sókè títí ẹ ó fi gbọ́ èkejì ní nǹkan bíi 50, ẹ yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú ti èkejì, jíjẹ ẹnu yẹn á pa ara ẹ̀ rẹ́, ìlàjì ìgbì tó mọ́ ló máa ṣẹ́kù, nǹkan bíi 34. Ìdí tí wọ́n fi ní kẹ́ ẹ wá méjì nìyẹn, kì í ṣe ìyà ni wọ́n fẹ́ fi jẹ yín. Ẹ má sì gbá tuning fork mọ́ tábìlì, ẹ gbá a mọ́ rọ́bà tàbí orúnkún yín, ẹ̀ ń ba nǹkan ìjọba jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti kàkàkí wàyí, a ò lè wà ní Ìlọrin ká má dárúkọ ẹ̀. Gbogbo wa la máa ń gbọ́ ọ lọ́jọ́ Dọ́bà. Páìpù gígùn gbọọrọ, ó ń gùn tó mítà mẹ́ta sí mẹ́rin, kò sí ihò kankan lára ẹ̀ tí ìka máa tẹ̀. Báwo ni ẹni tó ń fọn ọ́n ṣe ń yí ohùn? Ètè ni. Ètè rẹ̀ ló dí ẹnu kan, ó ń ṣí ó ń pa bí ètè ọmọdé tó ń ṣe mọ́tò. Àmọ́ kì í ṣe bó ṣe wu ètè náà ló ń ṣe o, ìfúnpọ̀ tó padà dé láti ìdí kàkàkí ló ń sọ fún un ìgbà tó máa ṣí. Tó bá fún ètè le díẹ̀, ohùn ò ní gùn òkè díẹ̀díẹ̀, ṣe ló máa fò láti orí àkàsọ̀ kan bọ́ sórí èkejì, torí páìpù ò gba ohun tó bá wà láàárín. Ìdí nìyẹn tí kàkàkí fi ní ohùn díẹ̀ péré, tí bugle àwọn Boys' Brigade náà ò fi lè kọ gbogbo orin. Fèrè tí àwọn Fúlàní ń fọn lẹ́yìn màlúù ní ihò lára, ihò kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ṣí ń gé páìpù kúrú ni, láìlo ayùn.

Kí ló dé tí ìdí kàkàkí fi fẹ̀? Ẹ gbọ́, ohùn tó padà sínú páìpù, kì í ṣe òun lẹ ń gbọ́. Díẹ̀ tó bọ́ síta nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá dé ẹnu ọ̀nà lẹ ń gbọ́. Tó bá jẹ́ pé gbogbo ẹ̀ ló ń padà, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ohunkóhun; tó bá jẹ́ pé gbogbo ẹ̀ ló ń jáde, kò ní di orin. Ìdí tó fẹ̀ yẹn ń jẹ́ kí púpọ̀ bọ́ síta, pàápàá àwọn ohùn tó ga, òun ló jẹ́ kí kàkàkí dé etí ẹni tó wà lọ́nà jíjìn.

Àti páìpù tó sún mọ́ yín jù, ọ̀nà ọ̀fun yín. Láti ibi tán-án-ná ohùn, awọ inú ọ̀fun tó ń gbọ̀n tá a bá ń sọ̀rọ̀, dé ètè, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 17 ni lọ́dọ̀ ọkùnrin tó ti dàgbà. Ó dí nísàlẹ̀, ó ṣí lókè. Ẹ ṣírò ẹ̀, ìrìn mẹ́rin, á fún yín ní nǹkan bíi 500, lẹ́yìn náà 1500, lẹ́yìn náà 2500. Ọ̀kan, mẹ́ta, márùn-ún! Àwọn ohùn tí ọ̀nà ọ̀fun fẹ́ràn nìyẹn tó bá wà bí páìpù tó dọ́gba, tẹ́ ẹ bá wá sún ahọ́n, tẹ́ ẹ ká ètè, àwọn nọ́ńbà yẹn á sún kúrò láyè wọn. Gbogbo yín, ẹ bá mi sọ «a», ẹ má yí ohùn padà, ẹ sọ ọ́ di «i», ẹ sọ ọ́ di «u». Ohùn ò gòkè, kò sọ̀kalẹ̀, àmọ́ fáwẹ̀lì yí. Tán-án-ná ló ń ṣe òkè àti ìsàlẹ̀, dò-rè-mí èdè wa wà lọ́wọ́ ẹ̀. Páìpù ló ń ṣe «a» àti «i». Ẹ wá sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí etí ara yín, tán-án-ná ò ṣiṣẹ́ mọ́, síbẹ̀ ẹ ṣì ń mọ «a» yàtọ̀ sí «i». Páìpù ṣì wà níbẹ̀ ni. Èmi ò tíì rí nǹkan tó dùn mọ́ mi tó ìyẹn nínú gbogbo fíísíìsì, kẹ́ ẹ sì máa bú mi.

Ó kù díẹ̀ kí wọ́n gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ mi, ẹ jẹ́ n gba ìbéèrè.

Ìyá wa bi mí pé kí ló dé tí fèrè àwọn ọmọ bẹ́ńdì fi máa ń rẹlẹ̀ ní àárọ̀ ọyẹ́. Ooru ni, mà. Tó bá jẹ́ 18 láàárọ̀, ohùn ń sá 342. Tó bá di 36 lọ́sàn-án, ó di 353. Páìpù ò gùn ò kúrú, àmọ́ ìrìn ti yá. Bíi ìlàjì àlàfo kíì kan sí èyí tó tẹ̀lé e lórí dùùrù nìyẹn, etí máa mọ̀ ọ́n. Kí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sínú ẹ̀ kí wọ́n tó tún ohùn ẹ̀ ṣe.

Ọmọ kékeré ọ̀hún, dìde. Ó ní òun rí àwọn tó ń fi ọmọrí báírò súfèé, àmọ́ tòun ò dún. Gbé e wá. Hẹn, ihò wà lórí ẹ̀, wọ́n ń dá a sí i kọ́mọ tó bá gbé e mì má bàa sé èémí ni. Fi ìka rẹ dí ihò yẹn, gbé ẹnu tó fẹ̀ sí abẹ́ ètè, fẹ́ ẹ láti ẹ̀gbẹ́, rọra. Tún un fẹ́. Ẹ gbọ́ ọ! Sẹ̀ǹtímítà 5, ẹnu kan dí, ó tó ìgbà 1700 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ó yá, yọ ìka kúrò, fẹ́ ẹ. Kò dún mọ́, àbí? Dí i padà.